Àwọn Tapper ti Ahéré Kẹrìnléláàádọ́ta

Ẹ má wá bi mí léèrè ọgbọ́n ogun. Ọbẹ̀ ni mo sè. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi jẹ́ olórí ilé ìdáná ní bárékè Lövsala, kí àwọn olóṣèlú tó jókòó sí Stockholm, olú ìlú ilẹ̀ wa, àwọn tí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè fi ìka tọ́ka sí Lövsala lórí máàpù, tí wọ́n sì fi kálámù kan ṣoṣo pa ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó ti wà fún nǹkan bí irínwó ọdún. Àwọn ará Denmark ò rí i pa. Àwọn ará Rọ́ṣíà ò rí i pa. Ebi àti òtútù pẹ̀lú gbìyànjú, wọn ò rí i pa. Kálámù ló pa á. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ inú bíbí kọ́ ló gbé mi jókòó sídìí ìwé. Ìtàn yìí dùn mọ́ mi débi pé mo ti sọ ọ́ fún dókítà eyín mi nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Wọ́n sọ bárékè di ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sọ pápá tí àwọn sójà ti ń yan di ibi ìgbọ́kọ̀sí, ṣùgbọ́n ilé ìdáná mi bọ́, nítorí a rọ́ àwọn ìbọn àtijọ́, àsíá àti fìlà kún inú rẹ̀, a sì pè é ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣì ń sè é níbẹ̀, ohun kan náà tí àwọn sójà ilẹ̀ yìí ti ń jẹ ní Ọjọ́bọ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn: ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ìyeyè tó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú, mọ́sítáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, páńkéèkì àti jáàmù tẹ̀ lé e. Nígbà tí aago mọ́kànlá bá lù, àwọn sójà mi á dé, ẹni tó ń tẹ̀pá ń tẹ̀pá, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ arúgbó ń tì í.

Nínú gbogbo wọn, àwọn méjì ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àkọ́kọ́ ni Sixten Tapper, sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ọkùnrin náà ga, ó dúró ṣánṣán, ó máa ń lọ aṣọ rẹ̀ títí eṣinṣin á fi yọ̀ lára rẹ̀. Èkejì ni Folke Hurtig, ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹrù bárékè nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun kúrú, ó sanra, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wọṣẹ́ ológun, orí ibùsùn alájà méjì kan náà ni wọ́n sì bá ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jà. Bí Ọjọ́bọ̀ kan bá kọjá tí wọn ò bú ara wọn, èmi ni màá kọ́kọ́ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ìtàn kan ni Sixten máa ń sọ. Gbogbo wa ti há a sórí. Lọ́dún 1808, nígbà tí ilẹ̀ wa ń bá Rọ́ṣíà jà ní Finland, wọ́n lé ẹgbẹ́ ogun Lövsala dé etí odò kan tó ti ń di yìnyín. Ẹni tó ń gbé àsíá ti kú. Ni sójà kan tó ń jẹ́ Tapper, tó ń gbé ahéré kẹrìnléláàádọ́ta nínú igbó wa, bá já àsíá kúrò lára igi rẹ̀, ó wé e mọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù, ó wọ inú omi yìnyín, ó sì gbé e wá sílé.

"Bàbá bàbá bàbá bàbá mi nìyẹn," ni Sixten máa ń wí, á sì fi ṣíbí lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan fún bàbá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á kọjú sí Folke. "Ìwọ ńkọ́, Hurtig? Yàtọ̀ sí ṣíbí, kí ni bàbá ńlá tìẹ gbé rí?"

"Ṣọ́bìrì ni," Folke á dáhùn, ẹnu rẹ̀ á kún fún ẹ̀wà. "Ó gbẹ́ odò."

"Gọ́tà ló gbẹ́."

"Odò ni! Odò Göta, tí ọwọ́ èèyàn là já ilẹ̀ wa! Ọkọ̀ ojú omi ń gba ibẹ̀ títí di òní olónìí. Àsíá tìẹ ńkọ́? Kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán, ẹ̀dà ẹ̀ làwọn obìnrin ìlú yìí rán tí ò ń gbé kiri."

"Ó sàn kéèyàn gbé ẹ̀dà àsíá ju kéèyàn jẹ́ ojúlówó ọmọ agbẹ́gọ́tà."

"Ẹ jẹun!" ni èmi á pariwo látìdí ìkòkò, wọ́n á sì jẹun.

Nítorí ìtàn yìí, kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé àsíá lọ́jọ́ ọdún ẹgbẹ́ ogun wa àfi Sixten. Kò sí ẹni tó dìbò sí i, kò sí ẹni tó kọ ọ́ síwèé. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwa ẹgbẹ́ sójà àtijọ́ pinnu pé a óò gbé pátákó dúró sí ojú ahéré kẹrìnléláàádọ́ta nínú igbó, níbi tí kò ti sí ohun kankan mọ́ bí kò ṣe òkúta ìpìlẹ̀ ilé àti igi òdòdó kan tí kò mọ̀ pé àwọn tó gbìn ín ti kú. A fẹ́ kọ orúkọ gbogbo Tapper tó gbé ibẹ̀ sára pátákó náà. Sixten ló máa gbé àsíá. Ó ti fi oṣù mẹ́ta gbáko sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́, títí kan obìnrin tó ń pín lẹ́tà kiri. A ní kí Ylva, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́, bá wa wá orúkọ wọn jáde.

Ọjọ́rú ni Ylva wọlé wá bá mi, níbi tí mo ti ń rẹ ẹ̀wà ọjọ́ kejì sínú omi.

"Àǹtí Torborg, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Ẹni tó bá ní kí arúgbó jókòó kó tó sọ̀rọ̀, ìròyìn burúkú ló gbé wá. Sọ ọ́ lóòró."

Ó tẹ́ àwọn ìwé sórí tábìlì, ẹ̀dà ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀dà ìwé orúkọ àwọn sójà. "Àwọn Tapper méje ló gbé ahéré yẹn. Ẹni kẹta ni Anders. Òun ló gbé àsíá wálé. Òótọ́ ni gbogbo ìtàn yẹn, Àǹtí, ọ̀gá wọn kọ ọ́ sílẹ̀, odò yìnyín àti gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ibà ojú ogun ti wà lára ẹ̀ nígbà tó délé. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló lò, ó kú. Kò níyàwó. Kò bímọ."

"Kò bí ẹyọ kan?"

"Kò bí ìdajì."

Mo jókòó. "Ta ló wá bí Sixten?"

"Ẹni kẹrin, Nils. Ọmọ aránbàtà ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ ahéré náà, ló bá di Tapper."

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ó yẹ kí gbogbo wa ti mọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń para pọ̀ gbọ́ bùkátà sójà kan. Wọ́n á fún un ní ahéré, ilẹ̀ díẹ̀ àti màlúù kan, ahéré náà á sì ní nọ́ńbà àti orúkọ tirẹ̀. Orúkọ ọ̀hún kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Bí oyè ló ṣe rí: ẹni tó bá wọlé ló jẹ ẹ́, bó bá kú, ẹni tó bá tún wọlé á jẹ ẹ́. Ọmọ kékeré ilé ìwé mọ èyí. Síbẹ̀, ẹ lọ wo ìdajì àwọn èèyàn ilẹ̀ wa tó ń wá ìran wọn kiri, ẹ ó bá wọn níbi tí wọ́n ti di mọ́ òkú olókùú tí wọ́n ń pè é ní bàbá, torí pé orúkọ bá orúkọ mu. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni èèyàn máa ń gbàgbé nígbà tó bá kan ilé tirẹ̀.

"Nils yẹn," mo ní, "ṣé kò ja ogun kankan ni?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe sójà, kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni."

"Kí ló wá ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?"

Mo rí i pé ẹ̀rín ń pa Ylva, ó sì ń bẹ̀rù mi. "Àǹtí, odò ló gbẹ́."

"Ọlọ́run mi."

"Odò Göta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́sàn-án. Èyí tó tún wá burú jù nìyí." Ó fi ìka lé ìwé kan, ìwé tí ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn agbẹ́dò kọ lọ́dún 1814. Ó kà á sókè: "Wọ́n bá Tapper ti ahéré kẹrìnléláàádọ́ta àti Hurtig ti ahéré kọkànlélọ́gọ́ta níbi tí wọ́n ti sùn lọ nínú wílìbárò kan ṣoṣo ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ọtí tiwọn àti ti àwọn mẹ́fà mìíràn."

"Hurtig? Ti Folke?"

"Ti Folke. Tiẹ̀ ló tilẹ̀ tọ́ jù, ẹ̀jẹ̀ ni láti òkè délẹ̀."

Èmi tí mo sọ pé inú ṣì ń bí mi sí Stockholm, mo gbàgbé Stockholm. Mo ní kí Ylva kọ "Tapper" lásán sára pátákó, kó yọ orúkọ àbísọ kúrò, ta ló máa mọ̀? Ó ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti fín in tán, Ọjọ́ Àìkú yìí la ó sì ṣí i. Ó tún wá wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, Anders ò lọ́mọ, kò láya, kò ní sàréè tá a mọ̀. Orúkọ yẹn nìkan ló ní. Tí n bá fi í pamọ́, èmi ni mo pa á lẹ́ẹ̀kejì." Ọmọ yẹn lọ́gbọ́n jù mí lọ, mo sì bínú sí i nítorí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ìyàwó Sixten ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Australia, Kérésì ló máa ń pè é. Ìtàn àsíá yẹn ló ń jí i, òun ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ fún un, òun ló ń gbé e gorí kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ mi. Sixten lè fara da òtítọ́, sójà ni. Ohun tí kò lè fara dà ni kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan níbi ìsìnkú ìyá wọn, ọdún mọ́kànlá ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Folke á sì rẹ́rìn-ín. Folke ò lè má rẹ́rìn-ín. Bí Sixten bá dìde nídìí tábìlì mi lọ́jọ́ náà, kò ní í padà mọ́, inú yàrá rẹ̀ ni yóò ti máa dá jẹ búrẹ́dì gbígbẹ títí wọ́n á fi wá gbé e. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èyí tilẹ̀ kì í ṣe irọ́. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, ó sì gbà á gbọ́.

Mo pe Sixten lórí fóònù, mo ní kó wá ní aago mẹ́wàá lọ́jọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó dé. Ó wá. Mo gbé páńkéèkì síwájú rẹ̀.

Ó wo páńkéèkì náà, ó wò mí. "Páńkéèkì ṣáájú ọbẹ̀? Torborg, ta ló kú?"

"Anders Tapper ló kú."

"Ó ti tó igba ọdún tíyẹn ti kú."

"Kò bímọ kó tó kú, Sixten."

Ẹyin lohùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjìlá tí mo ti tò sílẹ̀ ní òru láti fi sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló sá kúrò lórí mi. Mo kó ìwé fún un. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka ti àwọn sójà, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kan ìwé wílìbárò, mo rí i tí etí rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló ti rí ìwé yìí?"

"Ylva. Èmi náà."

"Folke ńkọ́?"

"Kò tíì rí i."

Ó ká awò ojú rẹ̀, ó dìde, ó dé fìlà. "Ẹ wá ẹlòmíì tó máa gbé àsíá ní Sọ́ńdè."

"Sixten, jẹun ná."

"Ebi kì í pa ọmọ agbẹ́gọ́tà," ló wí, ó sì jáde. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kò gùn ún. Ohun tí mo sọ sí ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, Folke ló kọ́kọ́ wọlé. "Ọmọ alásìíá dà?" ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Inú ń bí mi débi pé mo ju ìwé náà sí i láyà. "Kà á. Kà á, kó o rẹ́rìn-ín kú, kí n lè rí ẹni dá lẹ́bi."

Ó kà á. Ó sì rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín débi pé èèyàn méjì ló ń gbá a lẹ́yìn. "Nínú wílìbárò kan!" ló ń kígbe. "Kan ṣoṣo! Ọtí èèyàn mẹ́fà! Ọgọ́ta ọdún, ọgọ́ta ọdún ló ti ń pè mí lọ́mọ agbẹ́gọ́tà!" Ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu omi ojú nígbà tó kọjú síbi àga Sixten, ó sì rí páńkéèkì náà níbẹ̀, odindi, jáàmù ti gbẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Ó jẹun kó tó lọ?"

"Rárá."

"Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Folke, kò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó dìde, ó sì dé fìlà rẹ̀ láìjẹun. Mi ò tíì rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bu ọbẹ̀ sínú ìkòkò onídèérí fún mi. Fi mọ́sítáàdì sí i dáadáa, ó fẹ́ràn kó ta á nímú."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Sixten, ẹnu Folke ni mo ti gbọ́ ọ. Ó kanlẹ̀kùn, kò sí ìdáhùn. Ilẹ̀kùn wa ní ihò kan tí wọ́n ń ju lẹ́tà gbà. Folke, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, kúnlẹ̀, ó gbé ẹnu síbẹ̀.

"Sixten! Mo mọ̀ pé o wà nílé, kẹ̀kẹ́ ẹ wà níta!"

Ó tún gbá ilẹ̀kùn.

"Nínú wílìbárò yẹn, ta ló wà lókè, ta ló wà nísàlẹ̀? Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn!"

Ó fi ìdérí ìkòkò lu ilẹ̀kùn.

"Gbọ́ mi, ìwọ ọkùnrin yìí. Ọgọ́ta ọdún lo fi bú mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Èmi náà ní ọgọ́ta ọdún tí màá fi gbẹ̀san, òní ni mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tó ò bá wá jẹun, ta ni kí n bú? Ṣé kí n máa bú Torborg ni? Ṣíbí ọbẹ̀ ni yóò fi fọ́ mi lórí!"

Ó ní òun gbọ́ ohùn kan nínú ilé lẹ́yìn ìyẹn. Ó lè jẹ́ ikọ́, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, kò dá a lójú. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn fún wákàtí kan. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọbẹ̀ gbígbóná kì í dúró de aláìgbọ́ràn, ó jẹ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú dé, oòrùn sì bá a dé. Èèyàn bí ogójì ló kó ara wọn wá sínú igbó, pẹ̀lú kọfí nínú fúláásìkì àti búrẹ́dì dídùn tí mo yan lálẹ́ àná rẹ̀ nítorí pé oorun kọ̀ láti kùn mí. Igi òdòdó tó wà lẹ́bàá òkúta ìpìlẹ̀ náà ti tanná bí ẹni tó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Aṣọ funfun wà lórí pátákó. Àsíá wà nínú àpò rẹ̀ gígùn lábẹ́ igi, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

"Gbé e," mo sọ fún Folke.

"Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjì, Sixten yọ láàárín igi. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, ọ̀nà kìlómítà mẹ́fà, nítorí kò sẹ́ni tó ń wọ aṣọ ológun gun kẹ̀kẹ́. Gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ síbi àpò, ó fa àsíá yọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ó tẹjú mọ́ iwájú. Folke lanu láti sọ nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, gìgísẹ̀ ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́.

Ylva ṣí aṣọ náà. Bí a ṣe ń ṣe é nídìí pátákó bẹ́ẹ̀ ni pé a ó ka orúkọ sójà kọ̀ọ̀kan, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ tó bá wà níbẹ̀ á dáhùn pé, "Mo wà ńbí!", bí àwọn sójà ṣe ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ wọn láàárọ̀. Ó ka Tapper àkọ́kọ́, obìnrin kan tó wá láti Örebro dáhùn, ojú sì ń tì í. Ó ka èkejì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan láti Norrköping jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Anders Tapper," Ylva kà. "Ó wọ ahéré yìí ní 1801. Ó gbé àsíá ẹgbẹ́ ogun Lövsala wálé láti Finland. Ó kú ní 1809."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo ń wo ẹnu Sixten. Ó ṣí díẹ̀, ó sì padé. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń dáhùn orúkọ yẹn, àmọ́ kò jẹ́ parọ́ níwájú pátákó. Ọkàn mi bà jẹ́ débi pé mo fẹ́ fi búrẹ́dì lu ẹnì kan. Ylva dúró, ó dúró sí i, ó sì wolẹ̀ láti ka èyí tó kàn.

"Mo wà ńbí!"

Folke ni. Ó ti jáde síwájú, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ ìhà bíi ti ọmọ ogun tuntun.

Sixten yíjú sí i, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. "Ìwọ? Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Ó kàn mí dáadáa. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ayé mi. Mo mọ bí omi yẹn ṣe tutù tó. Mo mọ apá tó kọ́kọ́ ki bọ ẹ̀wù. Mi ò mọ ìtàn bàbá tèmi gan-an tó bẹ́ẹ̀, torí o ò jẹ́ kí n ráyè sọ ọ́." Ó jágbe mọ́ Sixten. "Kò lọ́mọ, Sixten. Ìwọ lo tọ́ ọ dàgbà, etí mi lo sì tọ́ ọ sí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn fún un. Kí n dákẹ́ ni?"

Mo rí irun imú Sixten tó ń mì. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde lára ọkùnrin náà tí mi ò gbọ́ rí láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo fi bu oúnjẹ fún un àti gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí àsíá fi ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo wà nísàlẹ̀," ló wí. "Nínú wílìbárò. Ẹni tó bá rí bí ìdílé yín ṣe sanra tó, ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà lókè."

Ó bá rìn lọ bá a, ó na igi àsíá sí i.

"Bó bá jẹ́ pé tìẹ ni, gba àsíá bàbá ẹ."

Folke ò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó nù wọ́n mọ́ ṣòkòtò, ó tún nù wọ́n, ó sì gbà á.

"Nils Tapper," Ylva kà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé. "Ó wọ ahéré yìí ní 1810. Ó gbẹ́ odò Göta fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́sàn-án."

"Mo wà ńbí!" Sixten kígbe, ó kígbe débi pé àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi.

Igi àsíá yẹn wúwo, Folke sì kúrú. Ó ń kọsẹ̀ lára gbòǹgbò igi bó ti ń gbé e jáde kúrò nínú igbó, Sixten sì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n gbé. Mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ bá a gbé e. Folke kọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí a fi dé ojú títì.